Ta ló ń pàdé wọn lọ́hùn-ún? Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú, nílé àti lókè òkun

Sí ẹ̀yin Gíwa tó ń darí ẹgbẹ́, ẹ̀yin akọ̀wé àti gbogbo ọmọ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Ẹ̀yin ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójòjoyè, mo kí yín o. Ẹ kú ìnáwó Ojúde Ọba, ẹ sì kú ará fẹ́ra kù Kábíyèsí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí wọ́n wàjà ní oṣù keje ọdún 2025. Mi ò kọ̀wé yìí láti bá yín jà lórí aṣọ tàbí ẹṣin. Aṣọ yẹ yín, ẹṣin náà yẹ yín. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé ní yunifásítì ìlú òyìnbó ló gbé mi dìde, ẹ̀yin ni mo sì kọ ọ́ sí torí pé ẹ wà nílé, ẹ sì wà lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ wo ló tún wà tó ní èèyàn ní Òkè-Ajé nílé àti ní Peckham ní London lẹ́ẹ̀kan náà?

Olùkọ́ girama ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mo kọ́ ṣì ń wá gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ mi bí wọ́n bá ń wá ààyè sí yunifásítì, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìyá á ta ilẹ̀. Bàbá á yá owó ní kóperétíìfù. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Canada á fi díẹ̀ kún un. Físà á jáde, a ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, a ó di gàrí Ìjẹ̀bú sínú àpò, a ó sin ọmọ dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi í lórí fóònù: ṣé o ti rí iṣẹ́? Bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ yé e, bóyá ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀, a kì í bi í.

Tí a bá sin ìyàwó dé ilé ọkọ, ẹnìkan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tí yóò bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, a sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún náà ṣe ń rí, torí pé nígbà tí ọ̀pọ̀ yín lọ kàwé, nǹkan ò rí báyìí. Máàstà ọlọ́dún kan ní Britain ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Kí oṣù kọkànlá tó parí, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti dé ọrùn. Ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lòfin fún un láti fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lóru ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí, kíláàsì aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ń dúró. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ ṣe irú máàstà tí wọ́n ń jókòó kọ́ ní kíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ìyá ọlọ́mọ méjì lè wà nínú yàrá kan ní Leicester, kí ọkàn rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ti náírà tún wà níbẹ̀. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ti kọjá 1,500. Owó tí bàbá kan ti kó jọ láti fi san owó ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta wá di owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni náwó nínà àpà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìròyìn gba ìgboro nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tí yunifásítì kan ní àríwá ìlà-oòrùn England yọ orúkọ wọn kúrò nítorí gbèsè owó ilé-ìwé, tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ẹ ka ìròyìn náà nígbà yẹn. A mi orí, a sì yí ojú ewé.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo fẹ́ gùn lé jù. Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwọn nǹkan kéékèèké tí a lè sọ fún ọmọ kó tó lọ, tí a kò sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ pè mí, ohùn rẹ̀ ti ṣá. Ó ní òun gba 62 nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, pé òun ti dójú ti àwọn òbí òun. Ọmọ tó máa ń gba 80, 85 nílé ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ní ilé-ìwé wọn lọ́hùn-ún, 50 ni àṣeyege máàstà, 60 ni merit, 70 sì ni distinction, pé olùkọ́ ibẹ̀ kì í sábà fún èèyàn ní 80 bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ó ti ń gbà á rò pé kí òun padà wálé. Ìpè fóònù kan ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ wo iye àwọn tí kò ní ẹni tí wọ́n lè pè.

Ti ẹ̀kọ́ ilé wa náà ńkọ́? Àwa la kọ́ ọmọ pé kó má wo àgbà lójú. A kọ́ ọ pé tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ní ilé-ìwé tí èmi ti ṣiṣẹ́, bí ẹ bá rí ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́, ó ṣẹ̀ ni, tàbí wọ́n rán an níṣẹ́. Lọ́hùn-ún, olùkọ́ á ya wákàtí kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, á jókòó sí ọ́fíìsì, á ní kí ẹni tí nǹkan ò bá yé wá. Àwọn ọmọ òyìnbó á wọlé, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tí ọmọ wa á kà sí àfojúdi, wọ́n á sì jáde pẹ̀lú òye ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà ń fẹ́ nínú iṣẹ́ wọn. Ọmọ wa kì í lọ. Kò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ká má tíì sọ ti orúkọ: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti hewú á ní kí wọ́n máa pe òun ní David. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni ẹnu rẹ̀ á gbà á? Kò lè pè é ní David, wọn ò fẹ́ "sà" lọ́dọ̀ wọn, ó wá yàn láti má pè é rárá. Oṣù mẹ́ta á kọjá, olùkọ́ náà ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dé, tí ó nílò ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, tàbí tí yóò kọ lẹ́tà fún un, kò ní sẹ́ni.

Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ ilé wa burú. Mo sọ pé ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí ní Ìjẹ̀bú, àìmọ̀wé ni wọ́n ń kà á sí níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ fún olùkọ́ náà pẹ̀lú, torí òun náà ni wọ́n ń sanwó fún láti kọ́ni.

Bákan náà ni ti ìwé kíkọ. Nílé, ẹni tó bá há ìwé olùkọ́ sórí tó sì tú u sílẹ̀ lọ́rọ̀ kan sí èkejì, òun ni ọba kíláàsì. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Turnitin á fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ tó mú láti ibòmíràn láìdárúkọ ẹni tó ni ín, wọ́n á sì pe ọmọ wá síwájú ìgbìmọ̀ bí olè. Ó lè má mọ̀ pé òun jalè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ fẹnu bà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sẹ́ni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Pórógun ni ẹ́, tàbí ọmọ Ìwàdé, ọmọ ìyá oníṣòwò kan, ọmọ bàbá tíṣà kan. Ọjọ́ tó balẹ̀ ní Heathrow ló di aláwọ̀ dúdú, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin nínú kíláàsì, kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Sẹ́kúríìtì ilé ìkàwé béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ló ń rò ó. Òun kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdọ́gba ní Britain gbé ìwádìí jáde pé nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, 24 ló ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ tàbí ẹ̀yà yọ àwọn lẹ́nu láti ìgbà tí àwọn ti wọ yunifásítì. Ọ̀pọ̀ wọn kò fi ẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èdè Gẹ̀ẹ́sì wa ló fà á. Lọ́dún 2019 kan náà, Universities UK, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Britain, àti ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ náà tẹ ìròyìn kan jáde lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Britain gan-an. Nínú àwọn tó jáde ní 2017/18, iye ọmọ òyìnbó tó gba ipò kìíní tàbí ìpele òkè nínú ipò kejì fi nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ọmọ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lọ. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyẹn sí, ẹnu wọn dà bí ti òyìnbó, kódà nígbà tí wọ́n bá fi èsì ìdánwò kan náà wọlé, àlàfo yẹn ṣì wà. Nínú ilé-ìwé lohun náà wà. Tí ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham bá ń kojú èyí, kí lẹ rò pé ti ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò rí?

Kò tuntun, àwọn tó ṣáájú wa sì mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Lọ́dún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kọ́ òfin ní London, àti dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n dá West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí ayé mọ̀ sí WASU. Nígbà náà, onílé á wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, á ní yàrá ti tán. Ṣólàńkẹ́ wọkọ̀ ojú omi wálé ní 1929, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọba àti aráàlú láti fi ní ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1933, ilé náà ṣí ní Camden Road, ní London. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Màmá WASU ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ ṣí ilé tiwọn, Aggrey House, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní 1934, WASU ta kò ó. Ilé tí àwọn fúnra wọn ń darí ni wọ́n fẹ́.

Àwọn ará Rẹ́mọ náà ní ìtàn níbẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kúrò ní ilé lọ kọ́ òfin ní London ní 1944, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ fún ọmọ Yorùbá sì wà lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kábíyèsí Adétọ̀nà, tó jí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde títí ó fi di ohun tí ayé ń wá wò, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ni wọ́n ní ìlú ọba kí wọ́n tó pè wọ́n wálé wá jọba ní 1960. Ẹ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun kò kàn yín.

Kí ni mo ń fẹ́ gan-an? N kò ní kí ẹ ra ilé ní Camden. Owó ilé níbẹ̀ lónìí, kódà Ìjẹ̀bú á rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ń fẹ́ ẹni tí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń lọ, ìlú tó ń lọ àti oṣù tó ń lọ, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà ẹnìkan tó ti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá nítòsí ibẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí yóò máa ròyìn ọmọ fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí yóò kó o wọ iṣẹ́ oru. Ẹni tó mọ̀ pé 62 kì í ṣe òfo, tó lè sọ pé: lọ bá David lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ìbéèrè tí wàá bi í nìyí. Ẹni tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè rí olùgbaninímọ̀ràn nínú yunifásítì láìsan kọ́bọ̀, tó sì lè fi yé ọmọ wa pé lílọ síbẹ̀ kò sọ ọ́ di wèrè. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe nínú èyí, wọ́n kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa jẹ́ Mùsùlùmí, pásítọ̀ náà kò sì lè mọ ohun tó ń lọ nínú ìgbìmọ̀ Turnitin.

Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹjọ, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù, tó fún gbogbo ohun tí mo ti sọ sókè yìí. Ẹ mú àwọn tó ti ṣe é wá, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn òbí jókòó síbẹ̀ gbọ́. Àwọn òbí gan-an ló yẹ kó gbọ́ jù.

Ti owó, Ìjẹ̀bú ni yín, mi ò ní kọ́ yín ní ìṣirò. Ẹ̀yáwó pàjáwìrì ni mo ń sọ, kì í ṣe ìtọrẹ: èyí tí yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyọkúrò, tí onídùúró á sì wà fún un. Àwọn ìyá wa ti ń dá àjọ kí báńkì tó dé.

Èyí tó le jù lọ ló kù, òun sì ni ẹnikẹ́ni kò lè ṣe bí kò ṣe ẹgbẹ́. Ẹ kọ̀wé sí àwọn yunifásítì. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ẹ́jẹ́ǹtì tó kún ojú pópó wa, tí wọ́n ń gbé pátákó sókè pé kò sí IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì), kò sí wàhálà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Britain ló ń san kọmíṣọ̀n fún ẹ́jẹ́ǹtì lórí orí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún bẹ́ẹ̀, ṣé òun ló máa sọ fún ọ pé ibẹ̀ kò dára? Ta ló ń sọ fún wa ilé-ìwé tó ń tọ́jú ọmọ dúdú àti èyí tó ń gba owó rẹ̀ nìkan? Kí ẹ̀yin bi wọ́n léèrè, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lórí ìwé: àlàfo mélòó ló wà láàárín èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú yín àti ti àwọn yòókù? Olùkọ́ dúdú mélòó lẹ ní? Tí wọ́n bá yọ ọmọ wa lẹ́nu, ta ló ń gbọ́ ẹjọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń dáhùn? Tí owó ilẹ̀ wa bá tún wó lulẹ̀, kí lẹ máa ṣe kí ẹ tó kọ̀wé sí àwọn ará ìwọlé-wọ̀de? Àwọn tó bá dáhùn dáadáa, ẹ kéde orúkọ wọn ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Àwọn tí kò bá dáhùn, ẹ kéde tiwọn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo kò lè béèrè irú èyí, ẹ̀rù físà ń bà á. Àmọ́ owó táwọn òbí láti ilẹ̀ wa ń san wúwo nínú àpò àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn, wọ́n á ka lẹ́tà yín.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò akẹ́kọ̀ọ́. Láti 1982 tí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé àwọn aráàlú ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń gbé. Àwọn ìyá onílé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá jáde di ọ̀sán, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá gbọ́ ikọ́, wọ́n á gbé àgbo wá. Wọ́n ń pariwo lórí owó iná o, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn. Wọn ò ka ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ pẹ́ jù nínú yàrá.

Àwọn tó ń lọ ní oṣù kẹsàn-án ti ń kó ìwé físà wọn jọ báyìí, àwọn ti oṣù kìíní náà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí akọ̀wé ṣí ojú ewé tuntun: ọmọ ta ló ń lọ, ìlú wo, ìgbà wo? Lẹ́yìn náà kó bi àwọn ti òkè òkun lórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé ta ló wà nítòsí ibẹ̀. Orúkọ àwọn tí mo kọ lẹ́tà fún wà lọ́wọ́ mi. Tí àwọn ọmọ náà bá gbà mí láyè, n ó mú un wá fún akọ̀wé èyíkéyìí tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.